Àpò àtúnṣe táyà fún ráálì alùpùpù: èyí tó ń ṣiṣẹ́ àti èyí tí wọ́n kàn kó sínú báàgì

Nínú gbogbo ẹrù tí à ń dì fún ráálì ọjọ́ méjì, àpò àtúnṣe táyà ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń rà láìtú u wò. Wọ́n á rọ ọ́ sábẹ́ ìjókòó, ó di ìgbà tí ìṣó bá wọlé kí wọ́n tó mọ ohun tí wọ́n rà. Ráálì òpin ọ̀sẹ̀ gan-an ni kò gba irú ìyẹn. Ẹgbẹ́ máa ń gbéra ní Sátidé, wọ́n á máa padà bọ̀ ní Sọ́ńdè, ọ̀nà tí wọ́n sì mọ̀ọ́mọ̀ yàn ni èyí tó jìnnà sí èrò. Bí táyà bá jò níbẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ṣọ́ọ̀bù fọkanáísà tó súnmọ́ jù ti wà ní títì.

Irú àpò tó wọ́pọ̀ jù ni à ń yẹ̀ wò níbí. Orúkọ tí wọ́n ń tẹ̀ sí ara rẹ̀ ń yàtọ̀, àmọ́ ohun inú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà: báàgì onísíìpù kékeré, irin gbọọrọ kan tí ara rẹ̀ rí ṣákaṣàka bíi fáìlì, abẹ́rẹ́ ńlá kan, okùn rọ́bà 5 tí a fi ń dí ihò táyà, gọ́ọ̀mù kékeré kan, ọ̀bẹ pẹlẹbẹ kan, agolo gáàsì CO2 mẹ́ta tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gba gíráàmù 16, àti ẹnu irin tí a fi ń so agolo náà mọ́ fáàfù. Ìbéèrè kan ṣoṣo la fi wọ̀n ọ́n: ṣé àpò yìí nìkan, láìsí ìrànlọ́wọ́ ibòmíràn, lè gbé táyà ẹ̀yìn alùpùpù ńlá (ìwọ̀n 180/55-17) tó ti jò tán padà dé ibi tó ṣeé gùn?

Rárá ni. Okùn rẹ̀ dára, èèkù rẹ̀ kò dára, gáàsì rẹ̀ kò tó, nǹkan méjì tí iṣẹ́ náà kò ṣeé ṣe láìsí wọn ò sì sí níbẹ̀ rárá. Bí ẹ bá ti rà á, ẹ má jù ú nù, ẹ kàn pààrọ̀ ìdajì rẹ̀. Bí ẹ kò bá tíì rà á, ẹ kúkú ṣa tiyín jọ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Okùn ni ká kọ́kọ́ yìn. Ó gùn tó bíi sẹ̀ǹtímítà 10, rọ́bà rírọ̀ tí wọn kò tíì sè ni wọ́n fi rẹ ẹ́, ìdí nìyẹn tó fi ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́. Bó bá wọnú ihò, tí táyà ń yí, tí ara rẹ̀ ń gbóná, ṣe ló máa ń fún mọ́ra, tí á sì lẹ̀ pọ̀ mọ́ rọ́bà táyà. Àléébù rẹ̀ ò ju pé ooru abẹ́ ìjókòó máa ń gbẹ ẹ́. Ẹ yọ ẹyọ kan nínú ọ̀rá rẹ̀ kí ọjọ́ ráálì tó dé, kí ẹ ká a sí méjì. Bó bá lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀, ó yè. Bó bá le gbagidi, tó sì ń sán níbi tí ẹ ti ká a, gbogbo páálí yẹn ti kú, ẹ ra òmíràn. Márùn-ún tí wọ́n kó síbẹ̀ kéré, nítorí ihò kan lè gba méjì, ìkan tún lè bàjẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí kò tíì ṣe é rí.

Gọ́ọ̀mù ní tirẹ̀ jẹ́ ohun tí ẹ kò gbọ́dọ̀ fọkàn tán. Èyí tí wọn kò tíì lu ẹnu rẹ̀ náà lè gbẹ sínú. Ẹ tẹ ara rẹ̀: bí inú rẹ̀ bá ń ṣàn, ó dára, bó bá rí bí ẹni tẹ amọ̀, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Èyí tí ẹ bá sì ti ṣí lójú ọ̀nà, ẹ má retí pé yóò dúró de ráálì mìíràn. Okùn tó dára lè lẹ̀ láìsí i. Iṣẹ́ tí gọ́ọ̀mù ń ṣe jù ni pé ó ń jẹ́ kí abẹ́rẹ́ yọ̀ wọlé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le ni èèkù. Fáìlì àti abẹ́rẹ́ inú àwọn àpò olówó pọ́ọ́kú máa ń ní èèkù oníke tó tọ́ gbọọrọ bíi ti síkírúdírábà. Lórí táyà ọkọ̀ kékeré, èèyàn lè fara dà á. Táyà ẹ̀yìn alùpùpù ńlá nípọn láàárín, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ní wáyà irin tí wọ́n hun sábẹ́ ojú táyà. Fáìlì gbọ́dọ̀ ti àwọn wáyà yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́, kó sì họ etí wọn kí wọ́n má baà máa rẹ́ okùn. Agbára tí ìyẹn ń gbà ju ti ọrùn ọwọ́ lọ, àyà àti èjìká lèèyàn fi ń tì í. Bí èèkù bá tọ́ gbọọrọ, àtẹ́lẹwọ́ tó ti làágùn á máa yọ̀ lórí rẹ̀. Bó bá jẹ́ ike lásán, irin inú rẹ̀ á tú, á máa yí lófo nígbà tí ẹnu rẹ̀ ṣì há sínú táyà. Ẹni tí irú ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ sí á nílò pínsà láti fi fà á yọ, pínsà yìí gan-an sì ni ọ̀kan nínú nǹkan méjì tí kò sí nínú àpò. Ẹ ra fáìlì àti abẹ́rẹ́ tí èèkù wọn rí bíi lẹ́tà T, tí irin sì gba inú èèkù náà já. Wọ́n ń gba àyè díẹ̀ sí i, kò sí ohun tó burú níbẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe iṣẹ́ náà máa ń fi ìyàtọ̀ yìí hàn. Ẹ gbé máṣíìnì kúrò lójú títì pátápátá, sórí ilẹ̀ tó le, kó má ṣe jẹ́ ibi ìyíkọ́nà. Máṣíìnì tí kò ní ẹsẹ̀ àárín ń fẹ́ ẹnì kejì tí á máa tì í síwájú díẹ̀díẹ̀ títí ihò á fi dé ibi tí ọwọ́ ti lè débẹ̀ láìfara kan sàlẹ́ńsà gbígbóná. Bí ẹ bá rí ìṣó, ẹ má tíì yọ ọ́. Ẹ fi omi ọṣẹ tàbí itọ́ sí ìdí rẹ̀. Nígbà mìíràn ìṣó ò dé inú, kò sì hó rárá. Irú èyí, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ máa wò ó títí ẹ ó fi délé fọkanáísà. Bó bá ń hó, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì yí i ká, ẹ tẹ́ gbogbo irinṣẹ́ sílẹ̀ lórí aṣọ, ẹ ki okùn bọ ojú abẹ́rẹ́ títí tó fi dé ìdajì, ẹ fi gọ́ọ̀mù pa á, ìgbà yẹn ni kí ẹ tó fi pínsà fa ìṣó náà.

Ẹ kíyè sí bó ṣe ń jáde. Ìṣó kì í sábà wọlé lóòró, ó máa ń dà sí apá kan, ọ̀nà tó gbà wọlé yẹn náà ni fáìlì gbọ́dọ̀ gbà. Ẹni tó bá ti fáìlì lóòró sínú ihò tó dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ń gbẹ́ ihò kejì ni. Ẹ máa yí fáìlì sí ọ̀tún bí ẹni ń dé bóòtù, kí ẹ fà á wọlé-jáde bí ìgbà 10 sí 15. Nígbà tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í lọ geere láì họ́ni lọ́wọ́, ó tó. Ẹ ti abẹ́rẹ́ wọlé pẹ̀lú okùn títí ìrù méjèèjì á fi ku bíi sẹ̀ǹtímítà kan ààbọ̀ síta, lẹ́yìn náà kí ẹ já abẹ́rẹ́ náà jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, lóòró, láìyí i. Ojú abẹ́rẹ́ tó ní ẹnu á fi okùn sílẹ̀ sínú fúnra rẹ̀. Àwọn tó ń fà á díẹ̀díẹ̀ nítorí ẹ̀rù ni okùn máa ń bá jáde. Ẹ gé ìrù rẹ̀ kù sí mìlímítà 3 sí 5. Ẹ má gé e ní ìdí pátápátá, ẹ má sì fà á gùn bí ẹ ṣe ń gé e, torí ohun tó bá fà gùn á sún padà sínú ihò. Ọ̀bẹ inú àpò kò mú. Abẹ tuntun ń ṣe é dáadáa.

Àwọn irú mìíràn wà. Èyí tó rí bí olú, tí orí rẹ̀ ń ṣí sínú táyà, mọ́ tónítóní, kò sì nílò gọ́ọ̀mù, àmọ́ nínú táyà oníwáyà irin, etí wáyà lè máa rẹ́ ọrùn olú náà bí táyà ṣe ń yí. Irú ti Dynaplug, tí orí okùn rẹ̀ jẹ́ idẹ, yára gan-an: ẹ ti i wọlé, ẹ fà á jáde, ó parí. Fún ihò ìṣó kékeré, ó dùn ún lò ju gbogbo wọn lọ. Síbẹ̀, bí ó bá jẹ́ ìkan ṣoṣo ni a máa gbé lọ, okùn la ó gbé, nítorí pé a lè fi méjì pọ̀ sínú ihò tó bá fẹ̀.

Ohun tí okùn ò lè ṣe náà nìyí: ihò tó bá ju mìlímítà 6 lọ, ojú tí irin là bíi ọ̀bẹ, àti ihò ẹ̀gbẹ́ táyà. Ẹ̀gbẹ́ táyà ń ká, ó sì ń nà ní gbogbo ìgbà tó bá yí, okùn ò ní dúró síbẹ̀. Bó ti wù kí ihò náà kéré tó, ẹ pe ọkọ̀ akẹ́rù.

Ó wá ku gáàsì, ibi tí àpò yìí ti já kulẹ̀ jù. Gíráàmù 16 CO2 jẹ́ bíi lítà 9 nígbà tó bá tú jáde. Táyà ẹ̀yìn 180/55-17 gba bíi lítà 18 nínú, nítorí náà agolo kan kò lè fún un ju bíi 7 psi (òṣùwọ̀n agbára afẹ́fẹ́ inú táyà) lọ. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á gbé e dé bíi 21, bí ẹyọ kankan kò bá sì ṣòfò ni. Ìyẹn lè gbé èèyàn rọra dé ilé epo tó súnmọ́, kò lè gbé e dé ilé: ohun tí ọ̀pọ̀ máṣíìnì ńlá ń béèrè lẹ́yìn ni 36 sí 42 psi. Fún táyà iwájú 120/70-17, ọ̀rọ̀ yàtọ̀, torí bíi lítà 10 ló gbà, agolo mẹ́ta sì lè gbé e súnmọ́ 36. Ẹ̀yìn ló sì máa ń jò jù, nítorí táyà iwájú ló máa ń ta ìṣó dìde fún un.

Ẹyọ tó sì máa ń ṣòfò pọ̀. Bí ẹnu irin ò bá wọ fáàfù dáadáa kí ẹ tó lu agolo, gáàsì á tú sójú afẹ́fẹ́, á sì parí láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Agolo náà máa ń tutù débi pé ó lè jó ọwọ́ bí iná, nítorí náà ìbọ̀wọ́ pọn dandan. Bí okùn yín kò bá tíì dí ihò dáadáa, kò sí gáàsì láti tún gbìyànjú mọ́. Ìyẹn gan-an ni pọ́ǹpù fi dára jù: ó fàyè gba àṣìṣe. CO2 tún máa ń gba ara rọ́bà jáde kíákíá ju afẹ́fẹ́ lásán lọ, nítorí náà bí ẹ bá dé ibi tí afẹ́fẹ́ wà, ẹ tú u jáde, kí ẹ fẹ́ táyà náà lákọ̀tun.

Ohun kejì tí kò sí nínú àpò ni pọ́ǹpù. Èyí tó tó gbé ni pọ́ǹpù oníná 12V kékeré, tó wọ̀n bí ìwé ńlá kan. Irú rẹ̀ tó jẹ́ wáàtì 120 ń fa bíi 10A. Ihò iná tí wọ́n ṣe fún fóònù lórí ọ̀pọ̀ máṣíìnì kò lè gbé èyí, fíúsì rẹ̀ á jó tàbí kí kọ̀ǹpútà máṣíìnì pa á. Ẹ de wáyà tirẹ̀ mọ́ bátìrì tààrà, kí fíúsì 15A wà lára rẹ̀ nítòsí bátìrì, kí ẹnu rẹ̀ sì yọ síbi tí ọwọ́ ti lè mú un láìtú ìjókòó. Gbígbé táyà ẹ̀yìn láti òfo dé 36 ń gbà tó ìṣẹ́jú 5, ó sàn kí ẹ́ńjìnnì wà lórí bí bátìrì ò bá fi bẹ́ẹ̀ lágbára. Orí rọ́bà tó so mọ́ fáàfù máa ń gbóná púpọ̀ lẹ́yìn náà, ẹ má fi ọwọ́ lásán tú u.

Pọ́ǹpù tó ní bátìrì tirẹ̀ rọrùn, kò nílò wáyà kankan, kò sì burú fún ẹni tó ń dá gùn. Fún ẹgbẹ́, ẹ̀tàn díẹ̀ wà níbẹ̀: àwọn kékeré inú wọn máa ń gbóná, wọ́n á dúró kí wọ́n tó dé 36, àwọn kan ò sì lè fẹ́ ju táyà kan tàbí méjì lọ kí wọ́n tó fẹ́ gba iná. Irú tí à ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ tàbí tí à ń fi ọwọ́ fà kì í tètè bàjẹ́, àmọ́ ọ̀gọ́rọ̀ọ̀rún ìgbà lèèyàn á fà á.

Pọ́ǹpù èyíkéyìí tí ẹ bá mú, ẹ dán orí rẹ̀ wò lára fáàfù iwájú nílé. Láàárín dísìkì bíréèkì méjì, orí tó tọ́ gbọọrọ kì í ráyè wọlé, fáàfù tó tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tàbí ẹnu tó tẹ̀ ní dígírì 90 ló ń yanjú rẹ̀. Bí orí náà bá jẹ́ èyí tí à ń yí mọ́ fáàfù, afẹ́fẹ́ díẹ̀ máa ń sá jáde bí ẹ ṣe ń tú u, nítorí náà ẹ fi 2 psi lé e. Gééjì orí pọ́ǹpù pẹ̀lú máa ń purọ́. Ẹ mú gééjì kan tó dára, kí ẹ fi yẹ ti pọ́ǹpù wò ṣáájú, kí gbogbo ẹgbẹ́ sì máa lo ìkan náà.

Gbogbo èyí kò kan máṣíìnì tí ríìmù rẹ̀ ní tíúbù nínú, bíi ti ọ̀pọ̀ ríìmù oníwáyà. Okùn nínú táyà onítíúbù, bí ẹni ń fi apẹ̀rẹ̀ pọn omi ni. Ẹni tó ń gun irú máṣíìnì bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ gbé lífà mẹ́ta, tíúbù kan, páàṣì àti gọ́ọ̀mù, sípánà tó tú ààsì méjèèjì, àti ọmọ fáàfù. Bí àyè bá há, tíúbù iwájú ti ríìmù ínṣì 21 lè wọ táyà ẹ̀yìn ti ínṣì 17 tàbí 18 fún ìgbà díẹ̀. Ìdàkejì rẹ̀ kò dára. Ẹnu táyà tó há mọ́ ríìmù ni ibi tí ó ti ń le jù. Ẹ tẹ́ táyà sílẹ̀, kí ẹ gbé ẹsẹ̀ ẹ̀gbẹ́ máṣíìnì mìíràn lé etí rẹ̀, kí ẹnì kan rọra tẹ máṣíìnì náà wálẹ̀. Ó máa ń jáwọ́.

Omi tí wọ́n ń dà sínú táyà láti dí ihò, a ò fẹ́ràn rẹ̀ fún máṣíìnì tó ń sáré. Ó máa ń kó síbì kan, táyà á máa gbọ̀n, fọkanáísà tó bá ṣí i lẹ́yìn náà á sì bínú.

Fún ẹgbẹ́ máṣíìnì 10, ohun tí a ó kó ni okùn 15, fáìlì 2, abẹ́rẹ́ 3, gọ́ọ̀mù 2, pọ́ǹpù oníná 2, agolo gáàsì 6 fún ọjọ́ tí pọ́ǹpù bá kọ̀ṣẹ́, pínsà, abẹ, ọmọ fáàfù 4 pẹ̀lú ohun tí a fi ń tú u, ìgò omi ọṣẹ kékeré, ṣọ́ọ̀kì, àti tọ́ọ̀ṣì tí à ń so mọ́ orí. Ẹ má pín in káàkiri. Akẹ́yìn ló yẹ kó gbé e, nítorí ẹni tí táyà rẹ̀ bá jò, iwájú akẹ́yìn ló máa wà nígbàkigbà. Bó bá jẹ́ aṣíwájú ló gbé e, ó lè ti lọ kìlómítà 20 kó tó mọ̀ pé ẹnì kan ti dúró. Pọ́ǹpù kejì ni kí aṣíwájú mú.

Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ráálì, ẹ gba nǹkan mẹ́ta lọ́wọ́ ẹnìkọ̀ọ̀kan: ìwọ̀n táyà iwájú àti ẹ̀yìn, bóyá tíúbù wà nínú, àti irú ẹnu wáyà tó so mọ́ bátìrì. Ẹnu kan náà ni kí gbogbo wọn lò, kí pọ́ǹpù kan lè bá máṣíìnì èyíkéyìí mu. Ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn àmì DOT tí wọ́n tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ táyà pẹ̀lú, òun ló ń sọ ìgbà tí wọ́n ṣe táyà náà. 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 nínú ọdún 2019. Táyà tó ti pẹ́, tí eyín rẹ̀ sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, òun ni ìṣó ń tètè gún, ẹ má jẹ́ kó bá ẹgbẹ́ jáde rárá. Kò sí àpò tó ń tún ìyẹn ṣe.

Nígbà tí táyà bá jò lójú ọ̀nà, akẹ́yìn àti ẹnì kan péré ló yẹ kó dúró ti onítọ̀hún. Kí àwọn yòókù máa lọ sí ilé epo tí ẹ ti jọ fi àdéhùn sí, torí máṣíìnì mẹ́wàá tó tò sí etí títì jẹ́ ewu fún ara wọn. Ìṣẹ́jú 30 tó fún gbogbo iṣẹ́ náà. Bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ẹ pe ọkọ̀ akẹ́rù.

Táyà tí a fi okùn dí ò gbọ́dọ̀ ju kìlómítà 80 ní wákàtí kan lọ, kí ẹ sì tún fi gééjì wò ó lẹ́yìn kìlómítà 10, àti ní gbogbo ibi tí ẹ bá ti dúró ra epo. Bí ẹ bá délé, ẹ jẹ́ kí fọkanáísà tú u kúrò lára ríìmù, kó wo inú rẹ̀. Bí ẹ̀tù rọ́bà dúdú bá ń bọ́ láti ẹ̀gbẹ́ inú, ẹ ti gùn ún lófo jìnnà jù, ó ti di pípààrọ̀, bí okùn náà tilẹ̀ ṣì dí ihò rẹ̀ pa. Kí ẹ sì tó gbé àpò padà sábẹ́ ìjókòó, ẹ ka okùn tó kù, ẹ ju gọ́ọ̀mù tó ti ṣí nù.